Okùn Gòjé Mẹ́rin Tí Bao Tingfang Gbà Lọ́wọ́ Àlejò

Bao Tingfang kò mọ gòjé ta. Ohun tó mọ̀ nípa gòjé òyìnbó, èyí tí wọ́n ń gbé sábẹ́ àgbọ̀n, kò ju bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe lọ, àmọ́ ìyẹn náà ló mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ ní Shanghai. Láti ọdún 1951 ló ti wà nídìí iṣẹ́ yìí nínú ẹgbẹ́ olórin ńlá kan nílùú náà, nínú yàrá kékeré kan lábẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí òórùn àtè tí wọ́n fi awọ màlúù sè kì í ti í kúrò. Bí pákó gòjé bá ya, bí ọrùn rẹ̀ bá wọ́, bí ohùn rẹ̀ bá há, Bao ni wọ́n ń gbé e tọ̀ wá. Yóò fi eékánná kan ara pákó náà, yóò dẹ etí sí i, á ní, "Ibí ló ti ń dùn ún." Kì í sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn olórin a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí wọ́n bá gé Bao lára, àtè ni yóò sun, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀.

Ní ọdún 1966, àwọn ọmọ ilé ìwé tó so aṣọ pupa mọ́ apá wọ inú ọgbà ẹgbẹ́ olórin náà. Wọ́n ní nǹkan òyìnbó ni gòjé, wọ́n ní kí Bao máa kó wọn jáde látinú kọ́bọ́ọ̀dù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń fọ́ wọn mọ́ etí àtẹ̀gùn. Mọ́kànlá ni wọ́n fọ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá ilẹ̀ ibẹ̀, ó sì kó èyí tó ṣì dára nínú àwọn àfọ́kù náà sínú àpò ìrẹsì.

Ọdún kejì lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ Ge Hanlin ṣẹlẹ̀. Afunfèrè ni Ge, ó ní ẹ̀gbọ́n kan lókè òkun, ẹ̀gbọ́n náà sì máa ń kọ̀wé sí i. Wọ́n ní amí ni. Wọ́n tì í mọ́lé fún ogójì ọjọ́, wọ́n sì lé ọmọ rẹ̀ méjèèjì kúrò nílé ìwé. Lọ́jọ́ kọkànlélógójì ó gun òrùlé lọ, ó sì bẹ́ sílẹ̀. Bao wà lára àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n wá fi omi fọ ilẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ òkè òkun níbi tí Bao wà, yóò dìde, yóò ní òun fẹ́ lọ wo iná àtè òun.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Bao àti ìyàwó rẹ̀, Xu Meiyun, bí. Suqin lorúkọ ọmọbìnrin náà. Ní ọdún 1969, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, wọ́n kó o pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí oko ìjọba kan ní Heilongjiang, lápá àríwá tí omi ti ń dì nínú garawa láti oṣù kẹwàá. Gòjé kan ló gbé lọ, èyí tí bàbá rẹ̀ fi àfọ́kù inú àpò ìrẹsì kàn: ojú rẹ̀ láti ara ọ̀kan, ẹ̀yìn rẹ̀ láti ara òmíràn, ọrùn láti ara ẹ̀kẹta. Bí ilẹ̀ bá ṣú lóko, tí wọ́n ti kó ẹ̀wà sóyà dé, ó ń dá kọ́ ọ. Ohun tí gbogbo ọ̀dọ́ oko mọ̀ nígbà náà ni pé ọ̀nà méjì péré ló wà láti kúrò níbẹ̀: kí èèyàn ṣàìsàn gidi, tàbí kó mọ nǹkan olórin lò. Eré mẹ́jọ péré ni ìjọba fọwọ́ sí ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Rédíò ń kọ ọ́, ẹ̀rọ gbohùngbohùn orí òpó ń kọ ọ́, gbogbo àgbègbè ló sì ń wá ẹni tí yóò ta gòjé sí i.

Ní oṣù kejì ọdún 1973, Suqin kọ̀wé sílé pé ẹgbẹ́ eléré kan ní Harbin fẹ́ mú atagòjé mẹ́ta, pé ìdánwò rẹ̀ á wáyé ní oṣù kẹrin. Ó ní okùn gòjé òun ti já, wáyà tẹlifóònù tí òun tú ni òun ń lò, ohùn rẹ̀ sì dà bí ẹni ń họ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Bao wá okùn káàkiri. Èyí tí wọ́n ń ṣe nílé kò sí lọ́jà. Èyí tó ti òkè òkun wá wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ olórin, ọ̀nà Hong Kong ni ìjọba gbà rà á nítorí eré mẹ́jọ náà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì ń bẹ lọ́wọ́ Bao fúnra rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án. Lójú tirẹ̀, ẹni tí wọ́n bá fún ní kọ́kọ́rọ́ kì í ronú nípa ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Oṣù kẹta ọdún náà ni ẹgbẹ́ olórin ńlá kan ti Yúróòpù wá sí Shanghai. Ó ti tó ọdún méje tí irú wọn ti wá kẹ́yìn. Àwọn ilé iṣẹ́ ló pín tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn tí fáìlì wọn mọ́ sì ni wọ́n fún. Bao kò rí gbà, àmọ́ wọ́n ní kó dúró lẹ́yìn pèpéle, bóyá nǹkan àlejò kan á bàjẹ́. Wọ́n yan ọ̀rẹ́ rẹ̀ Tang Jixian, tó jẹ́ atagòjé, láti dúró tì í. Ọ̀gbọ̀n ọdún ni àwọn méjèèjì ti jọ ń ta ayò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣeré, òyìnbó arúgbó kan gbé gòjé rẹ̀ wọlé, ògbùfọ̀ kan tó ń jẹ́ Fei Ruoyu sì tẹ̀ lé e. Òtútù inú ọkọ̀ ojú irin ti la ẹ̀gbẹ́ gòjé náà. Bao fi eékánná kàn án. Ó gbé àtè rẹ̀ kaná, ó fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kì í sínú ojú ibi tó ya, ó dè é mọ́ra, ó sì ní kí àlejò náà ní sùúrù fún wákàtí mẹ́ta. Arúgbó náà jókòó tì í fún wákàtí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí Bao tú ìdè rẹ̀, ọkùnrin náà gbé gòjé sí ọrùn, ó sì ta orin kan tó lọ́ra, níbẹ̀ nínú yàrá, fún àwọn èèyàn mẹ́ta péré.

Tang kọjú sí ògiri. Nígbà tí orin náà parí, ó ní, "Ọdún méje ni mo fi dití."

"Pa ẹnu mọ́, Tang," Bao dá a lóhùn.

Òyìnbó náà wá fa ohun kan yọ látinú páálí gòjé rẹ̀, okùn mẹ́rin nínú bébà, ó sì kì í sí Bao lọ́wọ́. Ó sọ̀rọ̀. Fei Ruoyu túmọ̀ rẹ̀: "Ó ní ẹ bá òun fi fún ẹni tó nílò rẹ̀."

Òfin ni pé ẹ̀bùn yòówù tí àlejò bá fúnni, ọ́fíìsì ni wọ́n ń gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Bao mọ̀ ọ́n. Ó wo bébà náà, ó rò ó wò pé oṣù kẹrin kù sí dẹ̀dẹ̀, ó sì kì í bọ àpò.

Nígbà tí àlejò lọ tán, Fei Ruoyu rọra bi í pé, "Ọ̀gá Bao, ẹ mọ̀ pé ọ́fíìsì lẹ máa gbé e lọ, àbí?"

"Mo mọ̀."

Ọmọbìnrin náà wo bàtà ara rẹ̀. "Ọ́fíìsì jìn síbí. Mi ò ní lè bá yín débẹ̀."

Nílé, Meiyun tú ọrùn kóòtù òwú kan, ó rán àwọn okùn náà sínú rẹ̀, ó sì fi kóòtù ránṣẹ́ sí Heilongjiang. Nínú lẹ́tà, ohun tó kọ kò ju pé, "Òtútù ń mú lọ́rùn, tọ́jú ọrùn kóòtù yìí dáadáa. Bàbá rẹ ló wá a." Wọn kò lè kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí wọ́n máa ń tú lẹ́tà kà. Suqin ṣe ìdánwò rẹ̀, wọ́n sì mú un. Nígbà tí ìròyìn náà dé, Meiyun ra ẹja aláwọ̀ ìyeyè kan, ó sè é, Bao sì jẹ orí rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sínú àwo.

Kò pé ọdún kan tí afẹ́fẹ́ fi yí padà. Ní oṣù kìíní ọdún 1974, ìwé ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í bú orin òkè òkun tí kò lórúkọ, èyí tí wọ́n kàn ń pè ní nọ́ńbà. Wọ́n ní kò sí orin tí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ kan láwùjọ, pé ẹni tó bá ní orin kan kàn dùn lásán ń fi nǹkan pa mọ́ ni. Ní gbogbo ibi iṣẹ́ olórin, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpàdé. Wọ́n ní kí wọ́n wá gbogbo ẹni tó bá àlejò ọdún tó kọjá pàdé jáde.

Zhuang Defa ni alága ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ olórin náà. Alágbẹ̀dẹ irin ni tẹ́lẹ̀, láti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti gbé e wá láti wá darí àwọn olórin. Ó gbọ́ pé Tang sọ pé ọdún méje lòun fi dití. Tang ti tún un sọ níbòmíràn, ẹnu rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ dúró. Wọ́n mú Tang dúró níwájú gbogbo èèyàn fún ọjọ́ mẹ́ta, orí rẹ̀ ní títẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ní òwúrọ̀, Bao ń fọ ife rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi nígbà tí Tang wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń fọ ọwọ́ tí kò dọ̀tí.

"Mo ti dárúkọ rẹ," ni Tang wí. Kò wò ó. "Lọ́la ni wọ́n máa pè ọ́."

"Kí lo sọ?"

"Mo ní òyìnbó yẹn fún ẹ ní nǹkan kan tí wọ́n fi bébà wé. Mo ní mi ò mọ ohun tó jẹ́."

"O mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀ ọ́n. Bao, ẹsẹ̀ mi ti wú, bàtà ò wọ̀ mí mọ́." Ó pa omi náà. "Nǹkan mìíràn tún wà. Wọ́n ti tẹ Harbin láago. Wọ́n ti mọ irú okùn tó wà lára gòjé Suqin."

Bao gbé ife rẹ̀, ó sì padà sí yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn. Ó jókòó. Ọmọ Ge Hanlin méjèèjì ló ń rò, èyí àgbà tó ń kó ìgbẹ́ báyìí lábúlé kan ní Anhui, àti èyí àbúrò tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà. Ẹni tó gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ òyìnbó tó sì fi í pa mọ́, amí ni. Ọmọ amí kì í dúró nínú ẹgbẹ́ eléré. Kì í tilẹ̀ dúró lóko, ibi tó burú ju oko lọ ni wọ́n ń gbé e lọ. Àmọ́ ọmọ olè, wọ́n á bú u, wọ́n á sì fi í sílẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, nígbà tí gbogbo èèyàn gbé orí lé tábìlì láti sinmi, Bao fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó mú okùn mẹ́rin nínú èyí tí wọ́n rà láti Hong Kong. Ó rìn lọ sí odò Suzhou, ó dúró lórí afárá láàárín àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá, ó sì jù ú sínú omi dúdú náà. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ tó jalè nìyẹn. Nígbà tó padà dé, ó gbé àtè rẹ̀ kaná.

Lọ́jọ́ kejì, Zhuang Defa bi í léèrè ọ̀rọ̀.

"Kí ni òyìnbó fún yín?"

"Àtè mi ni. Ó gbà á láti fi wo bí a ṣe ń sè é níbí. Ó dá a padà fún mi nínú bébà."

"Ọmọ yín ń fi okùn òkè òkun ta gòjé ní Harbin. Níbo ló ti rí i?"

Bao ní, "Mo jí i. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà níkàáwọ́ mi. Ọmọ mi ò mọ̀, irọ́ ni mo pa fún un pé mo rà á."

Wọ́n lọ wo kọ́bọ́ọ̀dù. Okùn mẹ́rin ló dín. Wọ́n bi Fei Ruoyu, ó ní òun kò rí ẹ̀bùn kankan. Zhuang Defa mí kanlẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé ara tu òun náà. Ọ̀ràn amí á gbé e dé iwájú àwọn tó wà lókè, wọ́n á sì bi í léèrè ibi tí òun wà nígbà náà. Olè lásán rọrùn fún gbogbo èèyàn.

"Ọdún mẹ́tàlélógún, Ọ̀gá Bao," ló wí. "Gbogbo wa la ń fi yín júwe èèyàn gidi."

"Ẹ má júwe mi mọ́," Bao dá a lóhùn.

Wọ́n gbé pátákó kọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n kọ "Olè Ohun Ìní Ìlú" sí i, ó sì dúró sórí pèpéle gbọ̀ngán tó ti ń gbé àga fún àwọn olórin láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú. Wọ́n rán an lọ síbi tí wọ́n ti ń sun bíríkì ní Qingpu fún ọdún mẹ́ta. Meiyun di aṣọ rẹ̀ fún un, ó fi ẹ̀fọ́ oníyọ̀ inú ìgò kan sí i. Ní ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Bàbá Suqin, ṣé ẹ mọ̀ pé ọmọ yẹn á gbà á gbọ́?"

"Kó gbà á gbọ́. Bí ó bá gbà á gbọ́ ni wọ́n á gba òun náà gbọ́."

Suqin sì gbà á gbọ́. Wọ́n ní kó kọ ìwé pé òun ti ya ara òun sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ bàbá tó jẹ́ olè, ó sì kọ ọ́. Ó tú okùn náà kúrò lára gòjé rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Shanghai, ó fi okùn irin lásán rọ́pò rẹ̀, ó sì dúró sínú ẹgbẹ́ eléré. Lẹ́tà kan ló kọ sí bàbá rẹ̀ ní Qingpu. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò pọ̀: "Lójoojúmọ́ tí mo bá gbé gòjé, ojú ń tì mí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n má fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tèmi." Bao kà á lẹ́ẹ̀kan, ó sì tọ́jú rẹ̀ sínú bàtà rẹ̀ tí kò wọ̀, torí pé kò síbi kọ́lọ́fín mìíràn nínú àgọ́ tí wọ́n ń sùn sí.

Níbi bíríkì, ẹrù já bọ́ lù ú lọ́wọ́ òsì lọ́dún kejì, ìka méjì sì fọ́. Nọ́ọ̀sì dì í, kò tò ó. Ooru iná sì jẹ awọ ọwọ́ kejì tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi mọ ìyàtọ̀ láàárín igi tó dán àti èyí tí kò dán mọ́. Ikọ́ tó mú láti inú eruku ibẹ̀ kò fi í sílẹ̀. Nígbà tó padà sílé ní ọdún 1977, ìdí ìkòkò omi gbígbóná ẹgbẹ́ olórin náà ni wọ́n fi í sí. Ẹlòmíràn ti wà ní yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn.

Suqin wálé fún àjọ̀dún ìgbà ìrúwé ní ọdún 1978, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láàárín ọdún márùn-ún. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó ń jẹun, kò gbé ojú sókè sí bàbá rẹ̀. Bó bá fẹ́ kí wọ́n na nǹkan sí òun, ìyá rẹ̀ ló ń bá sọ ọ́. Bao ti bu ẹran tó dára jù sí etí àwo ọmọ náà. Suqin sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Meiyun gbé ṣópúsítíìkì, igi tín-ín-rín tó fi ń jẹun, sílẹ̀. "Ó tó gẹ́ẹ́."

"Ìyá Suqin, ẹ fi ọmọ sílẹ̀ kó jẹun," ni Bao wí.

"Ó ti jẹ tó. Suqin, okùn yẹn, òyìnbó ló fi fún bàbá rẹ. Èmi ni mo rán an sí ọrùn kóòtù. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di ọmọ amí, ó lọ jí òmíràn, ó jù ú sódò, kí irọ́ rẹ̀ lè jọ òótọ́. Wo ọwọ́ rẹ̀. Mo ní kó o wo ọwọ́ rẹ̀."

Suqin wò ó. Ó ní, "Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi?"

"Ta ni ì bá sọ fún ẹ?" Bao bi í. "Ìwọ tí wọ́n ń ka lẹ́tà ẹ?"

Ọmọ náà mú ẹran tó ti sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó jẹ ẹ́, omijé rẹ̀ sì ń kán sínú ìrẹsì.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fáìlì àwọn tí wọ́n fìyà jẹ lọ́nà àìtọ́. Wọ́n dá Ge Hanlin láre, ó sì ti kú láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Wọ́n pe Tang Jixian jókòó, wọ́n bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo ẹgbẹ́, wọ́n sì dá a padà sí àga rẹ̀. Suqin gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́, ó wálé, ó sì mú bàbá rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tún fáìlì náà wò. Tang bá wọn lọ. Ó ti kọ ẹ̀rí tirẹ̀ sínú ìwé méjì gbáko, ó ń mú un dání bí ẹni gbé ẹyin.

Òṣìṣẹ́ tó jókòó síbẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó pọn tíì fún wọn. Ó ka ìwé Tang tán, ó wá ṣí fáìlì Bao.

"Bàbá, ọ̀ràn òṣèlú là ń tún gbé yẹ̀ wò níbí. Èyí kì í ṣe ọ̀ràn òṣèlú. Olè ni wọ́n kọ síbí."

"Ẹ̀rù ọ̀ràn òṣèlú ló mú kó gba ẹ̀sùn olè," ni Suqin wí.

"Mo gbọ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀." Ó yíjú sí Bao. "Okùn mẹ́rin tó dín nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ṣé ẹ mú un àbí ẹ ò mú un?"

Bao wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí orúnkún. Ìdáhùn mìíràn wà tó lè fi dáhùn, Tang sì ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ́.

"Mo mú un."

"Kí ni kí n wá ṣe?" òṣìṣẹ́ náà bi í jẹ́ẹ́jẹ́, ó sì pa fáìlì dé.

Lójú ọ̀nà, Tang ní, "Ò bá ti sọ pé o ò mú un. Kò sẹ́ni tó rí ẹ."

"Mo ti parọ́ fún wọn lẹ́ẹ̀kan," ni Bao wí. "Ó ná mi jù."

Tang dúró sójú títì, ó ní, "Èmi ni mo ṣe é fún ẹ, Bao."

"Ẹsẹ̀ rẹ ló wú. Jẹ́ ká lọ, bọ́ọ̀sì ń bọ̀." Wọn kò tún sọ ọ́ mọ́ láàárín ara wọn, wọ́n sì ń ta ayò lọ bí wọ́n ṣe ń ta á tẹ́lẹ̀, àyàfi pé Tang ló ń bá a to ọmọ ayò náà, torí ìka Bao kò lè mú un dáadáa.

Ikọ́ náà ló pa á, ní oṣù kejìlá ọdún 1982, lẹ́ni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Suqin lọ bá ẹgbẹ́ olórin pé kí wọ́n fi òdòdó ìdágbére ránṣẹ́, bí wọ́n ti ń ṣe fún òṣìṣẹ́ tó bá kú. Wọ́n ní ohun tó wà nínú fáìlì rẹ̀ kò gbà á láyè. Tang ra ọ̀kan lórúkọ ara rẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n ń fún ìdílé kọ̀ọ̀kan níbi tí wọ́n ti ń sun òkú, ó sì tó wọn. Meiyun ló gba eérú rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, Suqin wọ ọkọ̀ ojú irin padà sí Harbin, nítorí wọ́n ní eré lọ́jọ́ Sátidé, kò sì sí ẹni tí yóò jókòó sí àga rẹ̀.